Epo Kóró Òwú: Oúnjẹ Ni Bí A Bá Fọ̀ Ọ́, Májèlé Ni Bí A Kò Bá Fọ̀ Ọ́

Ọ̀rọ̀ tí a kọ fún kíkà sétígbọ̀ọ́ ní àwọn yàrá ìwé kíkà

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí dá lórí epo tí à ń fún láti inú kóró òwú.

Kò sí ẹni tí kò mọ òwú ní ilẹ̀ Yorùbá. Òun ni àwọn ìyá ń ran tí wọ́n fi ń hun kíjìpá. Òun ni àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn fi ń hun aṣọ òkè. Òun náà ni àwọn àgbà fi ń ṣe òwú fìtílà. Ṣùgbọ́n bí a ti mọ òwú tó, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka kóró inú rẹ̀ sí nǹkan kan. Bí a bá ti yọ òwú kúrò lára rẹ̀ tán, a ó ṣẹ́ díẹ̀ kù fún gbígbìn, a ó sì da ìyókù nù.

Bẹ́ẹ̀ ni kóró yìí wúwo ju òwú tí ó bò ó lọ. Bí a bá rí kìlógíráàmù kan òwú, kóró tí a ó yọ lára rẹ̀ yóò lé ní kìlógíráàmù kan àtààbọ̀. Nínú ìdá 100 kóró náà, epo a máa tó bí ìdá 16 sí 20. Ọrọ̀ ni èyí fún ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà rẹ̀. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ń gbé, òwú ni olórí ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ń tà sí òkè òkun, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì wà ní Bohicon tí ń fún epo kóró òwú fún jíjẹ. Àwọn ènìyàn ń fi epo yìí dín ẹja, wọ́n ń fi se ọbẹ̀, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Kí ni ìdí rẹ̀ nígbà náà tí a fi ń pè é ní májèlé? Ìdí rẹ̀ ni pé epo òwú méjì ni ó wà. Ọ̀kan jẹ́ epo tí a ti fọ̀. Èkejì jẹ́ epo tí a fún tí a kò fọ̀. Òróró oúnjẹ ni ti àkọ́kọ́. Èkejì ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di aláìsàn, ó sì ti sọ àwọn ẹlòmíràn di àgàn.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má ṣe ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn bàbá àti àwọn ìyá wa ti mọ̀ tipẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ilẹ̀ bá hù ni a lè wà jáde kí a sì gbé sẹ́nu. Ẹ wo gbágùúdá. Oró wà nínú rẹ̀, pàápàá èyí tí ó korò. Ṣùgbọ́n ìyá aláàrí mọ ohun tí yóò ṣe: yóò bó o, yóò rin ín, yóò dì í sínú àpò, yóò gbé òkúta lé e títí omi rẹ̀ yóò fi ro dànù tí yóò sì kan, lẹ́yìn náà ni yóò yan án nínú agbada. Nígbà tí ó bá fi di gàárì, oró náà ti lọ. Kò sí ẹni tí ó ń pe gàárì ní májèlé. Ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò jẹ gbágùúdá kíkorò ní tútù. Bí ọ̀rọ̀ epo òwú ti rí gan-an nìyẹn.

Bí a bá la kóró òwú sí méjì, a ó rí àwọn àmì dúdú wínníwínní tí ó tàn ká inú rẹ̀ bí ẹni pé a wọ́n ata dúdú sí i. Nínú àwọn àmì wọ̀nyí ni oró náà wà. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè é ní gossypol. Ní ọdún 1886 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nínú ìdọ̀tí tí ó kù lẹ́yìn fífọ epo òwú. Ní 1899 ni ọ̀mọ̀wé Marchlewski yọ ọ́ ní mímọ́ tí ó sì fún un ní orúkọ yìí. Ní 1915 ni àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Withers àti Carruth, fi hàn pé òun ni ó ń pa àwọn ẹran ọ̀sìn tí a ń fi oúnjẹ kóró òwú bọ́. Ohun ìjà ni gossypol jẹ́ fún igi òwú fúnra rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí kòkòrò àti eku jẹ ẹ́ run. Ohun tí igi fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá kò mọ̀yàtọ̀ láàárín kòkòrò àti ènìyàn.

Nígbà tí a bá sì ń fún epo, gossypol kì í dúró sẹ́yìn nínú èérún. Ó a máa bá epo jáde. Níbi yìí ni epo òwú ti yàtọ̀ sí epo lárà. Oró burúkú wà nínú kóró lárà pẹ̀lú, tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba kóró díẹ̀ tí ọmọdé bá jẹ lẹ́nu lè pa á. Ṣùgbọ́n oró ti lárà kì í bá epo lọ. Inú èérún ni ó ń dúró sí, iná sì lè pa á. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi ń lo epo lárà fún ìyàgbẹ́ láti ayébáyé, nígbà tí kóró rẹ̀ jẹ́ ohun ẹ̀rù. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí ó tọ́ fún epo kan ni ó tọ́ fún gbogbo epo. Kóró kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwà tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà, nítorí ibẹ̀ ni ìyà epo òwú àìfọ̀ ti hàn sí gbogbo ayé. Ní ọdún 1957, oníṣègùn kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ Liu Baoshan kọ ìwé nípa abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Jiangsu. Àwọn ará abúlé náà ti ń fi epo ẹ̀wà sóyà se oúnjẹ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń bímọ bí gbogbo ènìyàn. Nígbà tí ó yá, wọ́n yí padà sí epo òwú àìfọ̀. Láti ìgbà náà, ìgbéyàwó ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí ìkókó. Nǹkan bí ọdún 10 ni ó kọjá tí a kò gbọ́ igbe ọmọ tuntun ní abúlé náà. Ìgbà tí wọ́n padà sí epo àtijọ́ ni ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wáyé.

Kí olúkúlùkù ro ọ̀rọ̀ yìí wò nínú ọkàn rẹ̀. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ní abúlé kan nílẹ̀ wa, ta ni a ó kọ́kọ́ fura sí? A ó fura sí ìyá arúgbó tí ó ń dá gbé. A ó fura sí ìyàwó tí kò lóyún. A ó ní orí rẹ̀ kò dára, a ó sì lé e lọ kí ọkọ rẹ̀ lè fẹ́ òmíràn. Ìyàwó kejì yóò dé, yóò sì jẹ nínú ìkòkò ọbẹ̀ kan náà. Kò sí ẹni tí yóò wo inú ìgò epo.

Ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní Ṣáínà, bíi Hubei àti Hebei, àìsàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn àgbẹ̀ tí ń jẹ epo òwú àìfọ̀. Nígbà tí oòrùn bá mú, ara wọn a máa gbóná bí ẹni pé iná ń jó o, ojú wọn a sì pọ́n, òógùn kò sì ní jáde dáadáa. Agbára a máa tán nínú wọn. Apá àti ẹsẹ̀ àwọn mìíràn a rọ jọwọrọ bí ẹni tí ẹ̀gbà mú, nítorí pé oró náà ń jẹ́ kí iyọ̀ ara kan tí à ń pè ní pọtásíọ̀mù dínkù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nǹkan oṣù àwọn obìnrin a máa dáwọ́ dúró. Nígbà tí a yẹ àwọn ọkùnrin wò, a rí i pé àtọ̀ wọn kò ní irúgbìn nínú mọ́, bẹ́ẹ̀ ni agbára ọkùnrin wọn kò dínkù. Ọkùnrin náà kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣe òun.

Àwọn oníṣègùn Ṣáínà gbìyànjú láti sọ ibi yìí di ire. Láti ọdún 1972, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọkùnrin ní oògùn gossypol kí wọ́n má baà bímọ ju bí wọ́n ti fẹ́ lọ. Àwọn ọkùnrin tí ó lò ó lé ní 8,000. Oògùn náà ṣiṣẹ́ fún ohun tí a torí rẹ̀ lò ó; nínú ọkùnrin 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò ràn. Ṣùgbọ́n àwọn kan dà bí ẹni tí ẹ̀gbà mú nítorí àìtó pọtásíọ̀mù, àwọn kan kò sì tún lè bímọ mọ́ láéláé lẹ́yìn tí wọ́n ti dá oògùn náà dúró. Ní 1986 ni a fi òpin sí ìdánwò náà, ní 1998 ni àwọn amòye Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kí a pa èrò oògùn yìí tì. Bí àwọn oníṣègùn tí ń wọn oògùn náà ní ìwọ̀n tínńtínní kò bá lè káwọ́ rẹ̀, báwo ni ẹni tí ń da á sínú ìkòkò ọbẹ̀ láìwọ̀n yóò ṣe káwọ́ rẹ̀?

Àwọn àgbà a máa sọ pé kí á tó mọ̀ pé kíjìpá kì í ṣe awọ, ó di ọdún mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ yìí bá epo òwú mu. Oró rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ń pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Bí ènìyàn bá jẹ ẹ́ lónìí, yóò lọ sí oko lọ́la. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gbá jọ sínú ara, ìgbà tí ara yóò bá fi sọ̀rọ̀, ó ti pẹ́.

Báwo wá ni a ṣe ń yọ oró yìí kúrò? Ìyá tí ń se ọṣẹ dúdú ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà láìmọ̀. Ó mọ̀ pé bí omi eérú bá pàdé àdín lórí iná, ọṣẹ ni wọn yóò dà. Agbára omi eérú yìí ni ilé-iṣẹ́ ìfọpo ń lò, ṣùgbọ́n wọn kì í lo eérú. Kọ́sítíìkì sódà ni wọ́n ń lò, ìwọ̀nba tí ó tọ́ ni wọ́n sì ń pò mọ́ omi.

Èkíní, kí wọ́n tó fún epo, wọn a máa bó kóró, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sì fi ooru omi sè é. Ooru yìí ń mú kí púpọ̀ nínú gossypol lẹ̀ mọ́ èérún, kí ó má lè bá epo jáde mọ́. Èyí nìkan kò tó, ṣùgbọ́n ó ń dín ẹrù kù. Ẹni tí ó bá fún kóró òwú ní tútù, láìsè é, oró tí yóò bá epo rẹ̀ jáde yóò pọ̀ jù lọ.

Èkejì, epo tí ó jáde a máa dúdú, a sì máa pọ́n rúsúrúsú. Wọn a da kọ́sítíìkì tí a ti wọ̀n sínú rẹ̀, wọn a sì máa rò ó pọ̀. Gossypol ní ìwà bíi ti ohun kíkan. Nítorí náà kọ́sítíìkì a gbá a mú, òun àti ohun kíkan yòókù tí ó wà nínú epo, wọn a sì di ọṣẹ. Ọṣẹ yìí wúwo ju epo lọ, a sì rì sísàlẹ̀. Nínú ọṣẹ dúdú ìsàlẹ̀ yìí ni oró náà wà. Epo tí ó léfòó sókè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, wọn a fi omi gbígbóná fọ epo náà kí ọṣẹ tí ó kù lè tán, wọn a sì gbẹ omi kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, wọn a da amọ̀ pàtàkì kan sí i tí ó máa ń fa àwọ̀ dúdú mu, wọn a sì sẹ́ ẹ. Ẹ̀karùn-ún, wọn a gbé e sínú ìkòkò irin ńlá tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọn a sì fẹ́ ooru omi gbígbóná gidigidi gba inú rẹ̀ kọjá, kí òórùn rẹ̀ lè lọ. Ohun tí ó kù ni epo tí ó mọ́ gaara, tí ó ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́, tí kò rùn, tí kò korò.

Ẹnìkan lè bi wá pé: ṣé a kò lè ṣe èyí nílé? Ìdáhùn ni pé ó léwu. Bí kọ́sítíìkì bá kéré, oró yóò kù nínú epo. Bí ó bá pọ̀ jù, epo yóò di ọṣẹ, èyí tí ó bá sì ṣẹ́kù nínú rẹ̀ yóò jó ọ̀nà ọ̀fun. Bí ó bá ta sí ojú, ó lè fọ́ ojú. Kò sí ojú tí ó lè rí i pé oró ti tán, kò sì sí ahọ́n tí ó lè tọ́ ọ wò. Ní ilé-iṣẹ́, àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ní ń yẹ epo wò kí ó tó jáde. Bí ènìyàn bá sì ní òun yóò kàn yọ́ epo àìfọ̀ lórí iná títí tí yóò fi hó, iná náà lè dín oró kù, ṣùgbọ́n kò ṣe é gbẹ́kẹ̀lé.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ nípa èérún pẹ̀lú, nítorí àwọn tí ń sin ẹran. Èérún kóró òwú, tí ó dà bí kúlíkúlí, dára fún màlúù tí ó ti dàgbà. Ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ ni màlúù, inú àpò ikùn rẹ̀ ni oró náà ti ń lẹ̀ mọ́ oúnjẹ tí kò sì lè ṣe é ní ibi bí kò bá pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọmọ màlúù tí ó ṣì ń mu ọmú kò ní agbára yìí. Ẹlẹ́dẹ̀ kò ní i. Òun ni ó máa ń tètè kú. Adìẹ kò ní i. Bí adìẹ bá jẹ ẹ́, inú ẹyin rẹ̀ tí ó yẹ kí ó pọ́n yóò yí sí àwọ̀ ewé tí ó rẹ̀ dòdò. Àwọn tí ń ṣe oúnjẹ adìẹ ní ilé-iṣẹ́ a máa po iyọ̀ irin kan mọ́ èérún náà láti de oró rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n rẹ̀, kí ó má ṣe fi èérún òwú bọ́ adìẹ tàbí ẹlẹ́dẹ̀ rárá.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kò tíì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní àárín ọ̀rúndún tí ó kọjá, a rí irú òwú kan ní Amẹ́ríkà tí kò ní àmì dúdú wọ̀nyí lára rárá. Inú àwọn àgbẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n inú kòkòrò dùn jù wọ́n lọ: wọ́n jẹ igi òwú náà, nítorí pé ohun ìjà rẹ̀ ti lọ. Lẹ́yìn náà, ní 2006, ọ̀mọ̀wé Keerti Rathore àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas A&M kéde irú òwú mìíràn: oró wà nínú ewé àti igi rẹ̀ láti gbà á lọ́wọ́ kòkòrò, ṣùgbọ́n inú kóró rẹ̀ ni oró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní 2018 ni ìjọba Amẹ́ríkà gba àgbẹ̀ láyè láti gbìn ín, ní 2019 ni wọ́n sì gbà pé a lè jẹ kóró rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí tan ara rẹ̀ jẹ. Kì í ṣe irú òwú yẹn ni ó wà nínú oko àwọn baba wa.

Kí ni ó yẹ kí ará abúlé ṣe nígbà náà?

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀rọ ìfúnpo ní abúlé, kí ó má ṣe ta epo kóró òwú àìfọ̀ fún jíjẹ, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ pọ́n tó. Epo náà kò ní ṣòfò: ó dára fún ọṣẹ síse. Kóró tí ó bá sì pọ̀, kí àwọn àgbẹ̀ kó o jọ nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn kí wọ́n tà á fún ilé-iṣẹ́ tí ó ní ohun èlò ìfọpo.

Ẹni tí yóò bá ra epo òwú, kí ó ra èyí tí a dì pa nínú ìgò tàbí agolo, tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lára rẹ̀, tí nọ́ńbà NAFDAC sì wà níbẹ̀. Epo tí ó dúdú, tí ó pọ́n rúsúrúsú, tí ó korò lẹ́nu, tí a ń fi ike wọ̀n ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní owó pọ́ọ́kú, kí ó fi í sílẹ̀. Kí ó sì rántí pé oníṣòwò búburú lè po dúdú mọ́ mímọ́; nítorí náà àwọ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí.

Bí ìdílé kan bá sì ti ń jẹ irú epo bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dáwọ́ dúró lónìí, kí wọ́n sì lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ti ń jẹ fún dókítà. Nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ obìnrin a máa padà, irúgbìn ọ̀pọ̀ ọkùnrin a sì tún máa padà lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí wọ́n bá ti jáwọ́. Bí a bá sì ń wá ọmọ tí a kò rí, kí ọkọ àti aya jọ lọ fún àyẹ̀wò. Kí ọkọ má ṣe rán aya rẹ̀ nìkan lọ bí ẹni tí ó jẹ̀bi.

Ohun tí Ọlọ́run dá sínú oko pọ̀, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni a fi ń jẹ ẹ́. Ọgbọ́n tí ó mú kí gbágùúdá di gàárì náà ni ó ń mú kí kóró òwú di òróró. Ẹni tí ó bá fo ọgbọ́n náà kọjá nítorí pé epo kan fi kọ́bọ̀ díẹ̀ dínwó, ó lè jẹ́ pé ọmọ tí kò tíì bí ni ó ń fi san owó náà.

Kí ẹni tí ó ka ìwé yìí fún àwọn ará tún apá tí ó kẹ́yìn kà lẹ́ẹ̀kejì, kí àwọn tí ó gbọ́ sì sọ ọ́ fún àwọn tí ó wà ní oko àti ní ọjà.